Fá Yàtọ̀ sí Fà: Iṣẹ́ Ọrun tí Mo Ṣe ní Buford

Àwọn tó ń darí ọ̀dọ́ ní ìjọ wa ní kí n wá dúró níwájú yín, kí n sọ bí iṣẹ́ mi ṣe rí, nítorí pé ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa yàn. Mo ní ó dáa, torí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ fún àgbà pé rárá. Nígbà tí ọjọ́ náà sún mọ́lé, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Yorùbá ni ọwọ́ mi lè kọ kó já geere, nítorí náà, níbi tí kò bá yé yín, ẹ ní kí mọ́mì yín kà á sí yín létí. Ẹ tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n kà á síta ni, torí ohùn wà nínú ìtàn yìí tí ojú nìkan kò lè gbọ́.

Wọ́n pè mí ní ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín, nítorí irun mi ò tíì funfun, ẹ sì rí i pé èmi àti àwọn aunty tó ń kọrin nínú choir yín la jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n èjìká mi ọ̀tún ti darúgbó ṣáájú mi. Òun ló fẹ̀yìn tì, mo kàn tẹ̀ lé e ni.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí. Mo kàwé dé JSS three, bàbá mi kú, ìwé dúró síbẹ̀. Aunty Rónkẹ́, àbúrò ìyá mi, ló mú mi wá sí America kí n lè máa bá wọn wo àwọn ọmọ ní Grayson nígbà tí wọ́n bá wà lẹ́nu shift. Nọ́ọ̀sì ni Aunty. Gbogbo ẹni tó ń wá sílé wa ló ń ṣiṣẹ́ hospital, nítorí náà ètò tí wọ́n ṣe fún mi kò ṣòro láti mọ̀: kí n kọ́ṣẹ́ CNA, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, kí n máa gòkè láti ibẹ̀. Mo gbìyànjú. English inú ìwé náà bò mí mọ́lẹ̀. Tí tíṣà bá bi mí ní ìbéèrè, ilẹ̀ ni mo máa ń wò, kódà bí mo bá mọ ìdáhùn rẹ̀.

Uncle Láyí jẹ́ alàgbà ní ìjọ wa nígbà náà. Ọmọ ọdẹ ni wọ́n, ará Ṣakí. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n ń ṣe ní Atlanta kí wọ́n tó pàdé bàbá òyìnbó kan tó ń gbé lórí òkè lápá àríwá Georgia, tó ń fi igi híkọ́rì ṣe ọrun gígùn. Uncle kan fẹ́ wò ó fún ọjọ́ kan ni. Wọn ò padà sí ọ́fíìsì mọ́. Ìyàwó wọn bá wọn jà, àwọn ará ìjọ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, pé ẹni tó ka ìwé tó tó báyìí tún padà sí iṣẹ́ igbó tí bàbá rẹ̀ ní kó sá fún. Nígbà tí mo mọ̀ wọ́n, bàbá òyìnbó náà ti kú, Uncle sì ti ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn lẹ́yìn ilé wọn ní Buford. Àwọn òyìnbó tó ń ṣọdẹ àti àwọn tó kàn fẹ́ràn àtita ọfà ló ń wá ra ọrun wọn.

Ẹni tí yóò máa gbá èérún igi ni wọ́n ń wá. Aunty ní kí n lọ. Uncle dárúkọ iye kan, mo ní ẹ ṣé sà, ọ̀rọ̀ parí. Ní ọ̀nà ilé, Aunty ní, "Ọlọ́run gbé ẹ gun plane wá sí America, o wá lọ ń gbá ilẹ̀ abẹ́ igi." N kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni mo máa fi gbogbo ìgbà èwe mi sí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà díẹ̀, torí èyí tí wọ́n fi ike àti irin ṣe nínú mall ni ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀. Igi híkọ́rì ni ẹ máa ń gbọ́ òórùn rẹ̀ nígbà tí àwọn ará ibí bá ń yan ẹran nínú èéfín. Ó le, ó sì lè fara da kí a tẹ̀ ẹ́. A ó gé e, a ó fi irin ẹlẹ́nu tínrín àti òòlù là á láti orí dé ìdí, bí ẹni ń la obì, torí igi fúnra rẹ̀ ló mọ ibi tó fẹ́ gbà pín. Ẹ̀là kan nínú rẹ̀ ló máa di ọrun kan. A ó bó èèpo rẹ̀, a ó fi glue kun orí àti ìdí rẹ̀ kó má baà sán, a ó tò ó sókè àjà kó gbẹ. Gbígbẹ rẹ̀ máa ń pẹ́ ju oyún lọ.

Ní gbogbo ìgbà tí mo kọ́kọ́ lò níbẹ̀, n kò fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Mo gbálẹ̀, mo bó èèpo. Uncle ní ọ̀bẹ kan tó ní ọwọ́ méjì, èyí tí èèyàn máa ń di mú lápá ọ̀tún àti òsì, tí á máa fà sí ara rẹ̀ lórí igi. Bàbá òyìnbó yẹn ló fi í sílẹ̀ fún wọn. Orí ìṣó ló máa ń wà, ẹnikẹ́ni kì í sì yọ ọ́ níbẹ̀ àfi àwọn.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ mi ni ẹ̀yìn àti ikùn. Ẹ̀yìn ọrun ni apá tó wà lábẹ́ èèpo igi. Òun ló ń kọjú sí ibi tí ọfà ń lọ. Ikùn rẹ̀ ló ń kọjú sí ẹni tó dì í mú. "Ẹ̀yìn kì í rí ọ̀bẹ," ni Uncle máa ń wí. Ikùn nìkan la máa ń fá. Bí o bá gé okùn inú igi lẹ́yìn, ibẹ̀ ló máa ti ṣẹ́. Mo gbàgbé lẹ́ẹ̀kan, mo fi irin kan ẹ̀yìn ọ̀kan. Uncle ò pariwo. Wọn kì í pariwo rárá, òun ló sì le jù. Wọ́n gbé e síwájú fèrèsé, wọ́n wò ó, wọ́n rìn lọ sídìí sítóòfù tó ń mú ṣọ́ọ̀bù gbóná, wọ́n jù ú sínú iná. Lọ́jọ́ òtútù yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ ara mi ni mo fi yáná.

Lẹ́yìn náà ni kíkọ́ ọrun bí yóò ṣe tẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. A ó gbé e kọ́ ara ògiri, a ó fi okùn fà á wálẹ̀ díẹ̀, a ó wo apá rẹ̀ méjèèjì. Ibi tó bá le, a ó fá a. A ó tún fà á, a ó tún wò ó. Uncle ní apá méjèèjì dà bí ìbejì: ohun tí o bá fún Táíwò, tí o kò fún Kẹ́yìndé, ilé ò ní gbà yín. Òfin kan ṣoṣo ló wà tí kì í rẹ̀ wọ́n láti sọ. Má fà á kọjá ibi tó ti kọ́. Ìgbín ń fi ẹ̀sọ̀ gun igi, àwa ń fi ẹ̀sọ̀ tẹ igi. Bí o bá fẹ́ kó tẹ̀ ju bó ti mọ̀ lọ, yóò ṣẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́.

Ọjọ́ kan ni wọ́n sọ ohun tí mo wá fi gbogbo ọjọ́ ayé mi lépa. Wọ́n ń pọ́n ọ̀bẹ ọlọ́wọ́ méjì yẹn, wọn ò wo ojú mi. Wọ́n ní, "Ṣadé, tí o bá ṣe ọrun kan láti ara igi títí dé ọsán, tí mo fà á dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, tí n kò rí nǹkan kan sọ sí i, ọ̀bẹ yìí di tìẹ." Ọsán ni okùn ọrun, kí ẹ má fi pe èso tàbí ìgbà tí òòrùn wà lókè. Mo ní ẹ ṣé sà. Inú mi dùn ju bí mo ti lè sọ lọ. Èmi tí ọ̀rọ̀ máa ń dẹ́rù bà, mo ti rí ẹni tí ìyìn rẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Kí Uncle fà á, kí wọ́n dákẹ́: ohun tí mò ń wá nìyẹn.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ Tèmi níbí. Òun nìkan ni ọmọ tí Uncle bí, ibí yìí ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá, ó sì ń gbìyànjú àtisọ ọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ ló máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọdé, wọ́n bi í ní Sunday school pé kí ni daddy ẹ ń ṣe. Ó fẹ́ sọ pé ọrun ni. Ó ní, "Daddy mi máa ń ṣe ọ̀run ní backyard." Ìyá kan ní àmín. Láti ọjọ́ náà, tí Uncle bá ti wọlé, àwọn alàgbà yòókù á ní, "Ẹlẹ́dàá, ẹ káàárọ̀ o, ṣé ẹ ti parí ilé tèmi lọ́hùn-ún?" Uncle á ní àwọn ṣì ń wá páànù tó máa bo ẹ̀ṣẹ̀ wọn. A rẹ́rìn-ín títí. A kò mọ̀ pé ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín yẹn náà ló máa pa wá lẹ́kún.

Nígbà tó yá, wọ́n gbà kí n mú ẹ̀là kan, kí n fi ṣe ọrun tèmi. Mo bá igi náà gbé bí ẹni bá ọmọ ìkókó gbé. Mo bó o, mo dúró dè é kó gbẹ, mo gbẹ́ ẹ, mo kọ́ ọ ní títẹ̀ lára ògiri jálẹ̀ ìgbà ìrúwé. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, Uncle fi ọsán sí i, wọ́n wò ó títí. Wọ́n mú pẹ́ńsù, wọ́n fi ìlà sí ojú mélòó kan lára ikùn rẹ̀, wọ́n gbé e lé orí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ní àwọn àti Tèmi ń lọ ra iṣu ní Duluth, ní Pleasant Hill, pé kí n má fọwọ́ kàn án títí àwọn á fi ránṣẹ́.

Mo jókòó tì í. Ojú ọ̀sán gan-an ni fóònù dún. Tèmi ni, torí daddy rẹ̀ ló ń wa mọ́tò lórí títì márosẹ̀ 85. Ó ní, "Aunty Ṣadé, Daddy said ẹ fa a díẹ̀ kí àwọn tó dé." Mo ní ó dáa. N kò ní kó tún un sọ, n kò ní kó gbé fóònù fún Uncle. Ta ni yóò máa bi ọ̀gá rẹ̀ ní ìbéèrè lórí ọ̀rọ̀ tó kéré tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀yin tí òbí yín ń kà á fún, ẹ ní kí wọ́n sọ méjèèjì kí ẹ gbọ́. Fá a: ohùn bẹ̀rẹ̀ lókè, ó sọ̀ kalẹ̀. Ìyẹn ni pé kí n fi irin fá igi náà níbi tí wọ́n fàmì sí. Fà á: ohùn bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó gòkè. Ìyẹn ni pé kí n di ọrun náà mú, kí n fa ọsán rẹ̀. Èyí tó jáde lẹ́nu Tèmi kò gòkè, kò sì sọ̀. Ó kàn tẹ́. Èmi sì rèé, láti ìgbà tí ewé ti ń rú ni mo ti ń retí kí wọ́n sọ pé ó tó fífà. Ohun tí ọkàn ń fẹ́ letí ń gbọ́.

Mo gbé e. Mo dúró bí Uncle ṣe máa ń dúró. Mo rọra fà á, ó ń bọ̀, ó rọrùn lọ́wọ́ mi débi pé mo rẹ́rìn-ín sí ara mi. Ojú ibi tí wọ́n fi pẹ́ńsù sàmì sí ni igi ti le, èyí tó yẹ kí n fá. Níwọ̀n ìgbà tí ibẹ̀ kọ̀ tí kò tẹ̀, gbogbo ẹrù náà kó jọ sí ojú kan ṣoṣo nísàlẹ̀ rẹ̀. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó; èmi ò wo nǹkan kan. Mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí táyà bẹ́. Apá òkè ọrun náà ṣẹ́, ó padà wá, ó gbá mi léjìká, mo sì gbọ́ tí eegun inú ibẹ̀ náà dún. Ilẹ̀ tí mo gbá láàárọ̀ ni mo bá ara mi lórí rẹ̀.

Ibẹ̀ ni wọ́n bá mi. Uncle ò wo igi náà. Wọ́n ní, "Ojú ńkọ́? Ṣé ojú ẹ ríran?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Wọ́n gbé mi sínú mọ́tò, iṣu ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń yí gbirigbiri ní gbogbo kọ́nà títí a fi dé hospital.

Níbi tí a ti ń dúró de dókítà ni ọ̀rọ̀ ti jáde. Uncle bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kí ló mú mi fà á. Mo wo Tèmi, mo wo ilẹ̀. Uncle yíjú sí i.

"Tèmi, kí ni mo ní kí o sọ fún un?"

"You said kí Aunty Ṣadé fa a."

"Fa a èwo?"

"Fa a, now. Fa a díẹ̀. I said exactly what you said."

"Fá a ni mo wí. Ìwọ ní kó fà á."

"Daddy, it's the same word."

Uncle nawọ́ sí mi. Wọ́n ní, "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Wo èjìká rẹ̀."

Tèmi wò ó. Ó bú sẹ́kún, ó jáde lọ dúró sídìí ẹ̀rọ tó ń ta Coke. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ọmọ náà jẹ́ ẹ bó ti mọ̀. Ohùn rẹ̀ ló já bọ́ lójú ọ̀nà, kì í sì í ṣe òun ló jù ú nù. Nígbà tó jáde tán, Uncle ní, bí ẹni ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, "Èmi ni mo bí i síbi tí kò ti gbọ́ ọ." Láti ìgbà náà, Tèmi ò bá mi sọ Yorùbá mọ́. English ló fi ń kí mi, tó bá tiẹ̀ kí mi.

Aunty Rónkẹ́ ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ní tí apá náà bá ti san, CNA ni, wọn ò sì fẹ́ gbọ́ àlàyé. Mo jókòó ní Grayson, apá mi wà nínú aṣọ tí wọ́n fi gbé e kọ́rùn, mò ń wo mọ́tò àwọn aládùúgbò tó ń lọ síbi iṣẹ́. Ohun tó ń dùn mí jù kì í ṣe eegun. Ọrun yẹn ò ní rí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí mo ṣe é fún.

Ọjọ́ kan, Uncle Láyí wá. Wọ́n gbé ẹ̀là igi híkọ́rì kan dání, èèpo wà lára rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sórí carpet Aunty. Aunty wò ó, wọ́n wo Uncle. Wọ́n ní, "Uncle, igi lẹ tún gbé wá kí aláìsàn? Kí n fi se ọbẹ̀ ni àbí kí n fi lé olè?" Uncle ní ẹ má bínú, Aunty Nọ́ọ̀sì. Wọn ò bẹ̀ mí pé kí n padà. Wọ́n mu omi, wọ́n dìde. Níbi ilẹ̀kùn ni wọ́n ti ní, "Ó ṣì tutù. Ó kù kí ẹnì kan bó o." Wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ọwọ́ òsì ni mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í bó o, lórí carpet yẹn, Aunty ń fi vacuum tẹ̀ lé mi, wọ́n ń ráhùn.

Nígbà tí mo padà, òfin tuntun ti wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fá tàbí fà láì gbé ọwọ́. Tó bá jẹ́ fá, ọwọ́ á kọ́kọ́ lọ sókè. Tó bá jẹ́ fà, ọwọ́ á kọ́kọ́ lọ sílẹ̀. Àwọn oníbàárà òyìnbó rò pé àdúrà là ń gbà. Uncle ò jẹ́ kí wọ́n rò ó sí nǹkan mìíràn.

Ọdún gorí ọdún, irinṣẹ́ sì ń yí padà. A ra ayùn oníná, ohun tí mò ń fi ọjọ́ púpọ̀ gbẹ́ tẹ́lẹ̀ di iṣẹ́ àárọ̀ kan. A ra ẹ̀rọ kékeré kan tó máa ń sọ bí omi inú igi ṣe pọ̀ tó. Ṣáájú rẹ̀, Uncle á kan igi mọ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n á fi ìka lù ú, wọ́n á gbọ́. Ooru Georgia yìí kún fún omi, híkọ́rì a sì máa mu omi bí kànrìnkàn, nítorí náà, inú àpótí tí a tan gílóòbù sí la ń kó wọn pa mọ́ sí. Nígbà mìíràn ẹ̀rọ àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ á bára mu, nígbà mìíràn wọn á jà. N kò ní purọ́ fún yín pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń borí ní gbogbo ìgbà. Ayùn oníná dín wàhálà kù, ó fi erukuru rọ́pò rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá pẹ̀lú YouTube lọ́wọ́, wọ́n ń sọ bí ó ṣe yẹ kí a ṣe é. Uncle á ní ẹ jókòó, ẹ fi hàn mí. Àwọn kan mọ nǹkan tí a kò mọ̀, a sì kọ́ ọ lára wọn. Ṣùgbọ́n apá tó ń fá ikùn ọrun ṣì jẹ́ apá èèyàn, apá mi ni wọ́n sì sábà máa ń lò, nítorí ojú Uncle ti ń ṣókùnkùn.

Ẹ̀là tí mo bó lórí carpet Aunty, n kò yára fi ṣe nǹkan kan. Ìbẹ̀rù rẹ̀ wà lára mi. Ó pẹ́ kí n tó gbé e sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó parí, mo gbé e fún Uncle láàárọ̀ Sátidé kan. Wọ́n fi àtàǹpàkò tọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, torí ọwọ́ ni wọ́n fi ń ríran nígbà náà. Wọ́n fà á dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n dì í mú síbẹ̀. Wọ́n rọra dá a padà. Wọ́n tún fà á. Wọ́n tú ọsán rẹ̀, wọ́n gbé e kọ́, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ bẹ́ǹṣì mi jáde lọ jẹun.

Mo dúró. Mo rò pé wọ́n máa padà wá jù ú sínú sítóòfù. Ìgbà tí mo yíjú sí bẹ́ǹṣì mi ni mo rí ọ̀bẹ ọlọ́wọ́ méjì náà lórí rẹ̀. Ìṣó tó máa ń wà lórí rẹ̀ ṣófo. Mo jókòó sórí ilẹ̀ níbi tí mo ti ṣubú nígbà yẹn, mo sunkún díẹ̀, lẹ́yìn náà mo gbálẹ̀.

Uncle kú lẹ́yìn èyí, lójú oorun. Nígbà tí àwọn àgbà ìjọ wá kí wa, wọ́n ń wí pé, "Ọsán já, ọrun dọ̀pá." Wọ́n rò pé ó bá a mu, ó sì bá a mu lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òwe tí Uncle kì í gbà nìyẹn. Wọ́n máa ń ní ọ̀pá kọ́, ọrun tó ń sinmi ni. Ẹni tó bá fi ọsán sílẹ̀ lára ọrun látàárọ̀ dalẹ́, ló ń sọ ọ́ di ọ̀pá, nítorí igi náà á gbàgbé bó ṣe ń nà padà. Tí a bá ta á tán, a ó tú u. Òun náà ni ohun ìkẹyìn tí wọ́n máa ń ṣe kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Mo dá ṣiṣẹ́ náà lẹ́yìn wọn. Eegun tó ṣẹ́ kò san dáadáa rí, fífá sì ń lọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Nígbà tó yá, n kò lè di irun ara mi mọ́. Aunty Rónkẹ́ ló ń bá mi dì í. Dókítà ní kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ tàbí kí n fi apá náà sílẹ̀. Ó rẹ̀ mí débi pé n kò jiyàn.

Nígbà tí ó rẹ̀ mí yìí ni Tèmi wá. Ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ní Duluth. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù daddy rẹ̀, ó sì rọra sọ ọ́ bí ẹni ń gbé abọ́ ọbẹ̀: "Aunty Ṣadé, ẹ kọ́ mi." Yorùbá ni. Mo fún un ní ìgbálẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ló ń wá. Ó gbálẹ̀, ó bó èèpo. Mo ju ọrun rẹ̀ àkọ́kọ́ sínú iná, mo sì ju èkejì. Ó ní, "Aunty, you're worse than Daddy." Mo ní kó súnmọ́ iná, kó fi yáná. Kò bínú lọ. Tó bá fẹ́ bi mí ní ìbéèrè, á kọ́kọ́ gbé ọwọ́ sókè tàbí sílẹ̀, á gbìyànjú ohùn náà lábẹ́ ètè, kó tó sọ ọ́ síta.

Ẹ̀yin àbúrò mi, n kò wí pé kí ẹ wá ṣe ọrun, n kò sì wí pé kí ẹ má ṣe é. Iṣẹ́ tí ẹ bá yàn, á gba ibì kan lára yín. Aunty Rónkẹ́ tó ní kí n wá ṣe ti hospital, gbígbé aláìsàn ti ba ẹ̀yìn wọn jẹ́. Lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn, àwa méjèèjì máa ń jókòó lórí sófà, rọ́bà omi gbígbóná wà lẹ́yìn wọn, ọ̀kan wà léjìká mi. Wọ́n á ní, "Híkọ́rì, báwo ni?" Èmi á ní, "Nọ́ọ̀sì, a dúpẹ́." Ẹ wo ibi tí ẹ lè fún iṣẹ́ lára yín kí ẹ má kábàámọ̀ rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Tèmi gbé ọrun kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Láti ara igi títí dé ọsán, òun ló ṣe é. Mo wò ó lójú fèrèsé. Mo fi àtàǹpàkò tọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó kù kí n fà á, bí ó ṣe yẹ. Mo gbé apá ọ̀tún mi, ó dé igbá àyà, ó kọ̀, kò gòkè mọ́. Tèmi rí i.

Mo dá ọrun náà padà fún un. Mo ní, "Fà á."

Ó wo ojú mi, ẹ̀rín díẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. "Fá a ni, àbí fà á?"

Ohùn méjèèjì jáde lẹ́nu rẹ̀ kedere, ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀, ọ̀kan gòkè. Mo gbé ọwọ́ òsì mi, mo mú un lọ sílẹ̀, mo mú un gòkè wá.

Ó fà á. Apá méjèèjì tẹ̀ pọ̀, bí ìbejì tí inú wọn dùn. Ó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó dì í mú síbẹ̀, ó ń fi ojú wá ojú mi, ó ń retí kí n sọ ohun tí kò dáa nínú rẹ̀.

Mo dákẹ́.

Ó dá a padà, ó dúró, omi dé ojú rẹ̀. Mo dìde, mo yọ ọ̀bẹ ọlọ́wọ́ méjì yẹn lórí ìṣó, mo gbé e lé orí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ní kó tú ọsán kúrò lára ọrun náà kí a tó ti ilẹ̀kùn, kí igi lè sinmi.